Kọ́kọ́rọ́ Kọ́ Ni Ilé: Ohun Tó Yẹ Kí Ìdílé Mọ̀ Kí Wọ́n Tó Sanwó Ilé Ní Johannesburg

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Tọkọtaya kan tí a mọ̀ dáadáa ní ìlú Johannesburg ló gbà wá láyè kí a sọ ìtàn wọn, bí a kò bá ti ní dárúkọ wọn. Ìyàwó ń dirun, ọkọ ń tún fóònù ṣe. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi tọ́jú owó. Nígbà tí owó náà tó nǹkan, ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ wọn mú wọn lọ bá ọkùnrin kan ní Soweto tó ní òun fẹ́ ta ilé bàbá òun. Ilé yàrá mẹ́rin ni, ó ní àgbàlá, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Wọ́n jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọkùnrin náà búra sínú ìwé pé òun ti ta ilé fún wọn, ọlọ́pàá lu òǹtẹ̀ sí i, wọ́n ka owó lé e lọ́wọ́, òun náà kó kọ́kọ́rọ́ fún wọn. Wọ́n se ìrẹsì, wọ́n pe àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ sì gbàdúrà sí ilé náà.

Kò pé ọdún méjì tí obìnrin kan fi wá kan ilẹ̀kùn. Ó ní àbúrò ọkùnrin náà ni òun, pé ilé bàbá àwọn méjèèjì ni, kò sì sẹ́ni tó bi òun léèrè kí wọ́n tó tà á. Ìgbà yẹn ni tọkọtaya yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wádìí ní ọ́fíìsì ìjọba. Orúkọ tó wà nínú ìwé kì í ṣe ti ẹni tó tà á, kì í ṣe ti àbúrò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe tiwọn. Orúkọ bàbá tó ti kú ni.

Lójú òfin, ọdún mẹ́sàn-án iṣẹ́ wọn kò tíì ra ilé kankan.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń kà wá ní Johannesburg, ní Pretoria àti káàkiri Gauteng ni owó ilé oṣooṣù ti sú. Àwọn mìíràn wà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, tí ọmọ wọn ń pè láti ọ̀hún pé kí wọ́n bá òun dá owó ilé. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a tẹ́ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ kí gbogbo ilé lè jọ kà á. Kò lè rọ́pò lọ́yà o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi lọ́yà, owó rẹ̀ kò ní tètè ṣòfò.

Ta ló ni ilé?

Ní èdè wa, ọjọ́ tí a bá sanwó ni a máa ń sọ pé a ti ra ilé. Bí a bá ti gba kọ́kọ́rọ́, a di onílé. Nílé, bí àwọn bàbá wa ṣe ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kí ẹbí tó ni ilẹ̀ péjọ, kí wọ́n mu ọtí, kí wọ́n rin ààlà ilẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n sì gbin pèrègún sí i. Bí ìjà bá dé lọ́la, àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni yóò sọ̀rọ̀.

Ní South Africa, ìwé ni ẹlẹ́rìí. Òfin kan tí wọ́n ń pè ní Deeds Registries Act, tó ti wà láti ọdún 1937, ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìwé ìfilélọ́wọ́ tí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Deeds Office ni ilẹ̀ fi ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Johannesburg ní Deeds Office tirẹ̀, Pretoria náà ní tirẹ̀. Ìwé tí wọ́n bá fún ẹ níbẹ̀ ni àwọn èèyàn ń pè ní title deed.

Nítorí náà, nǹkan méjì ló wà, ó sì yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni àdéhùn: ẹ fọwọ́ sí ìwé, olówó ilé náà fọwọ́ sí i, ẹ jọ gbà lórí iye owó. Àdéhùn yìí fún yín ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún olówó ilé pé kó ṣe ohun tó ṣèlérí. Èkejì ni ìní fúnra rẹ̀. Kò sí ìní títí di ọjọ́ tí orúkọ yín bá wọ àkọsílẹ̀. Ẹ lè ti sanwó tán, ẹ lè ti kó wọlé, ẹ lè ti kun ilé lọ́dà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ ló ni ín.

Àdéhùn náà pàápàá ní òfin tirẹ̀. Alienation of Land Act ti ọdún 1981 sọ pé àdéhùn títa ilẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, kí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà fọwọ́ sí i, tàbí kí aṣojú wọn fọwọ́ sí i, bí wọ́n bá ti fún aṣojú náà láṣẹ nínú ìwé. Àdéhùn ẹnu lásán lórí ilẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, bó ti wù kí ọ̀rẹ́ tó wà láàárín yín jinlẹ̀ tó.

Ìwé ìbúra ti àgọ́ ọlọ́pàá wá ńkọ́? Ohun tí òǹtẹ̀ ọlọ́pàá ń sọ ni pé ẹni báyìí wá síbí, ó sì búra pé òótọ́ ni ohun tó kọ. Ọlọ́pàá kò wádìí bóyá ó ni ilé tàbí kò ni ín. Kò sì sí Deeds Office tí yóò fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ yí orúkọ padà.

Ilé àti ilẹ̀

Àṣà wa ya ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀. Ẹnì kan lè ni ilẹ̀, kí ẹlòmíràn máa dáko níbẹ̀, kó máa san ìṣákọ́lẹ̀. Igi obì tí bàbá mi gbìn lè jẹ́ tiwa bí ilẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ tiwa.

Òfin South Africa, tó ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Róòmù àti Dọ́ọ̀ṣì wá, kò rí bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tí a bá kọ́ mọ́ ilẹ̀, ti onílẹ̀ ni. Bí ẹ bá kọ́ yàrá mẹ́ta sí ẹ̀yìnkùlé onílé yín, tí ẹ fi bíríkì àti sìmẹ́ńtì ṣe é, onílé ló ni yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ lè bá a ṣe àdéhùn lórí owó tí ẹ ná, ṣùgbọ́n yàrá náà kò lè di tiyín níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ kì í ṣe tiyín.

Ibi kan tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni fúláàtì. Sectional Titles Act ti ọdún 1986 jẹ́ kí ẹnì kan lè ni fúláàtì tirẹ̀ nínú ilé alájà púpọ̀, pẹ̀lú ìpín nínú ohun tí gbogbo wọn jọ ń lò, bí àtẹ̀gùn, òrùlé àti ọgbà. Gbogbo àwọn tó ni fúláàtì níbẹ̀ ló para pọ̀ di ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní body corporate, oṣooṣù ni wọ́n sì ń dá owó ìtọ́jú ilé. Ẹ wo ìwé ìṣirò owó ẹgbẹ́ yìí kí ẹ tó ra fúláàtì. Bí ẹgbẹ́ bá jẹ gbèsè tàbí tí àpò rẹ̀ gbẹ, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni yóò bá wọn san owó òrùlé tó ń jò.

Kí ló dé tí orúkọ òkú fi kún inú ìwé ilé Soweto?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọ̀rẹ́ wa kò ṣàjèjì ní Soweto, ìtàn ló sì fà á. Natives Land Act ti ọdún 1913 dí àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ láti ra ilẹ̀ ní apá tó pọ̀ jù lọ nínú orílẹ̀-èdè náà. Ní Johannesburg, ibi díẹ̀ ló ṣẹ́ kù tí aláwọ̀ dúdú ti ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́. Lára wọn ni Alexandra àti Sophiatown. Ní oṣù Kejì ọdún 1955, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọlọ́pàá kó àwọn ará Sophiatown lọ sí Meadowlands ní Soweto. Wọ́n wó ilé wọn, wọ́n sì sọ àdúgbò náà ní Triomf, tó túmọ̀ sí ìṣẹ́gun. Ọdún 2006 ni wọ́n tó dá orúkọ Sophiatown padà.

Àwọn tó ń gbé Soweto kò ni ilé tí wọ́n ń gbé. Ayálégbé ìjọba ni wọ́n. Ìwé àṣẹ ìgbélé ni wọ́n ń fún olórí ìdílé, ọkùnrin ni òfin sì ń kà sí olórí ìdílé. Ọdún 1978 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí wọ́n lè gba ilé fún ọdún 99. Àwọn òfin tó tẹ̀ lé e ní ọdún 1988 àti 1991 ló wá ṣí ọ̀nà sílẹ̀ kí ẹ̀tọ́ ìgbélé di ìní pátápátá.

Bí ó ṣe di pé ilé tí ìyá, àbúrò, ọmọ àti ọmọ-ọmọ jọ ń gbé wà lórúkọ ọkùnrin kan ṣoṣo nìyẹn. Ọkùnrin náà kú, ẹnikẹ́ni kò yí ìwé padà. Ẹbí ń pè é ní ilé ẹbí, ṣùgbọ́n Deeds Office kò mọ ohun tó ń jẹ́ ilé ẹbí. Orúkọ ẹni tó wà nínú ìwé nìkan ló mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú Constitutional Court, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní South Africa, tó wà ní Braamfontein ní Johannesburg. Ẹjọ́ náà ni Rahube v Rahube. Obìnrin kan ti gbé nínú ilé ẹbí wọn ní Mabopane, lẹ́bàá Pretoria, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òfin ọdún 1991 wá sọ arákùnrin rẹ̀ di onílé nítorí pé orúkọ tirẹ̀ ló wà nínú ìwé àtijọ́, ọkùnrin náà sì fẹ́ lé e jáde. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ilé ẹjọ́ dá a pé apá òfin tó ń sọ ẹni bẹ́ẹ̀ di onílé láìfún àwọn yòókù láyè láti sọ tẹnu wọn ta ko ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin sí ìdọ́gba.

Ohun tí èyí ń kọ́ wa ni pé bí ẹ bá fẹ́ ra ilé ní Soweto tàbí Alexandra, ẹ máa bi léèrè pé: orúkọ ta ló wà nínú ìwé, ṣé ó ṣì wà láyé, ta ló sì ń gbé inú ilé náà lónìí? Bí ẹni tó ni ilé bá ti kú, ọmọ rẹ̀ kankan kò lè tà á ní tirẹ̀. Ọ́fíìsì Master ti Ilé Ẹjọ́ Gíga gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan ẹni tí yóò bójú tó ogún náà. Ẹni yẹn nìkan ló ní ẹnu láti tà á.

Ẹ má ṣe fi ojú Èkó wo Johannesburg

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ní Nàìjíríà, Land Use Act ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ìwé C of O ń fúnni ní ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ fún iye ọdún kan, bí a bá sì fẹ́ tà á fún ẹlòmíràn, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ọmọ onílẹ̀ ṣì lè yọ sí ẹni tó ń kọ́lé, èyí tó mú kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin lórí rẹ̀ ní ọdún 2016.

Ní Johannesburg, ìní lè jẹ́ títí láé, kò ní iye ọdún, gómìnà kò sì fọwọ́ sí nǹkan kan. Kò sí ọmọ onílẹ̀. Ṣùgbọ́n gbájúẹ̀ tiwọn wà níbẹ̀. Ní àárín ìlú, àwọn ilé kan wà tí àwọn ọmọ ìta ti gbà lọ́wọ́ ẹni tó ni wọ́n, tí wọ́n ń gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé bí ẹni pé àwọn ni landlọ́ọ̀dù. Gbogbo ayé ló gbọ́ nípa iná ilé Usindiso ní Marshalltown, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, tó pa èèyàn tó lé ní 70. Ìjọba ìlú ló ni ilé yẹn nínú ìwé, àmọ́ àwọn ẹlòmíràn ló ti gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ilé tí ìjọba kọ́ fún tálákà pẹ̀lú, àwọn tí wọ́n ń pè ní RDP. Òfin sọ pé ẹni tí wọ́n fún kò gbọ́dọ̀ tà á kí ọdún mẹ́jọ tó pé, àyàfi bó bá kọ́kọ́ fi lọ ìjọba. Bí ẹnì kan bá fẹ́ tà á fún yín ní ẹ̀dínwó kí ìgbà náà tó pé, owó yín ló fẹ́ gbà.

Bí ilé ṣe ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn

Ẹ wá jẹ́ ká tẹ̀ lé ọ̀nà tó tọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àkọ́kọ́, ẹ yẹ àkọsílẹ̀ wò. Ìwé Deeds Office kì í ṣe ohun àṣírí. Ẹnikẹ́ni lè san owó kékeré kí wọ́n bá a wo orúkọ ẹni tó ni ilé, iye tó rà á, bóyá báǹkì ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, àti bóyá ilé ẹjọ́ ti dá a dúró. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Bí orúkọ inú àkọsílẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń tà, ẹ dúró níbẹ̀.

Èkejì, ẹ yẹ alágbàtà wò. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2022 ni Property Practitioners Act ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Alágbàtà ilé gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí Fidelity Fund, kó sì fún yín ní ìwé tí ẹni tó ń tà ti kọ gbogbo àbùkù ilé tó mọ̀ sí. Ẹ ní kó fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ hàn yín. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ fọwọ́ sí ìwé ìfilọ̀ owó, tí wọ́n ń pè ní offer to purchase. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìwé lásán ni. Rárá o! Bí ẹni tó ń tà bá ti fọwọ́ sí i pẹ̀lú, ó ti di àdéhùn tó de ẹ̀yin méjèèjì. Bí ẹ bá fẹ́ yá owó báǹkì, ẹ rí i pé ó wà nínú ìwé náà pé àdéhùn kò ní múlẹ̀ bí báǹkì bá kọ̀. Ẹ wá ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní voetstoots. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹ rà á bí ẹ ṣe bá a. Ẹni tó bá mọ àbùkù ilé, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́, kò lè sá sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni yóò wá ẹ̀rí pé ó mọ̀. Ó sàn kí ẹ mú kólékọ́lé tó mọṣẹ́ lọ wo ilé kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan.

Ẹ̀kẹrin, lọ́yà. Kì í ṣe gbogbo lọ́yà ló lè ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn tó ti yege ìdánwò tirẹ̀ ni wọ́n ń pè ní conveyancer. Ẹni tó ń tà ló sábà máa ń yàn án, ẹni tó ń rà ló sì ń san owó rẹ̀. Inú àkáǹtì ìfinilọ́kànbalẹ̀ lọ́yà, èyí tí wọ́n ń pè ní trust account, ni owó yín yẹ kó wà títí ìwé yóò fi jáde. Ẹ má ṣe ka owó lé ẹni tó ń tà lọ́wọ́.

Ẹ̀karùn-ún, owó ìjọba. SARS, àwọn agbowó orí South Africa, ń gba owó tí wọ́n ń pè ní transfer duty. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé tí owó rẹ̀ kò bá kọjá R1,210,000 kò san án. Èyí tó bá lé sí i, títí dé R1,663,800, ìdá 3 nínú 100 ni wọ́n ń gbà lórí ohun tó lé. Bí ẹ bá ra ilé R1,500,000, ohun tó lé ni R290,000, owó náà yóò sì jẹ́ R8,700. Owó lọ́yà àti ti Deeds Office yàtọ̀ sí èyí, ẹ tọ́jú wọn sọ́tọ̀.

Ẹ̀kẹfà, ìwé àìjẹgbèsè. Ìjọba ìlú Johannesburg gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé wọ́n ti san owó omi, iná àti owó ilẹ̀ ti ọdún méjì tó kọjá, kí Deeds Office tó yí orúkọ padà. Gbèsè tó ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́? Ní ọdún 2017, Constitutional Court dá a pé gbèsè tí onílé àtijọ́ fi sílẹ̀ kì í tẹ̀ lé ilé lọ sọ́dọ̀ onílé tuntun. Bí ìjọba ìlú bá wá fi gbèsè ẹlòmíràn gé iná yín, ẹ mọ̀ pé òfin wà lẹ́yìn yín.

Ẹ̀keje, lọ́yà kó gbogbo ìwé lọ sí Deeds Office. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, bí kò bá sí àṣìṣe, wọ́n forúkọ yín sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ di onílé. Láti ìgbà tí ẹ fọwọ́ sí ìwé títí di ọjọ́ yìí, ó sábà máa ń gbà tó oṣù méjì sí mẹ́ta, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn gbájúẹ̀ ti mọ̀ pé owó ńlá máa ń lọ sọ́dọ̀ lọ́yà láàárín ìgbà yìí. Ní ọdún 2019, obìnrin kan tó ń ra ilé ní Forest Town, Johannesburg, rí lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì gbà tó dà bíi pé láti ọ̀dọ̀ lọ́yà ló ti wá. Àwọn ọ̀daràn ti yí nọ́ńbà àkáǹtì inú rẹ̀ padà. R5,500,000 ló san, owó náà sì wọ àpò wọn. Ó kọ́kọ́ jàre àwọn lọ́yà ní Ilé Ẹjọ́ Gíga, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Bloemfontein yí ìdájọ́ náà padà. Wọ́n ní ó ní àǹfààní láti yẹ nọ́ńbà náà wò kó tó sanwó. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́, ẹ pe lọ́yà lórí nọ́ńbà fóònù tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà nínú lẹ́tà náà, kó ka nọ́ńbà àkáǹtì sí yín létí. Bí ẹ bá lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì wọn, ó tún dára jù.

Kí ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé ìwé tí wọ́n fi ayédèrú ìbuwọ́lù ṣe kò lè sọ ẹnikẹ́ni di onílé, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ wọ àkọsílẹ̀. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan náà tún fìdí èyí múlẹ̀ ní ọdún 2013. A kì í fúnni ní ohun tí a kò ní.

Ọkọ, ìyàwó àti ìwé ilé

Ní South Africa, tọkọtaya tí kò bá ṣe àdéhùn kankan kí wọ́n tó ṣègbéyàwó, gbogbo ohun ìní wọn di ti àwọn méjèèjì. Ọ̀kan kò lè ta ilé láìjẹ́ pé èkejì fọwọ́ sí i. Ti ọ̀pọ̀ nínú wa tó ṣègbéyàwó ní Nàìjíríà yàtọ̀. Bí òfin orílẹ̀-èdè mìíràn bá ló ń darí ìgbéyàwó yín, Deeds Office yóò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, ọkọ tàbí aya gbọ́dọ̀ wá kún ẹnì kejì lọ́wọ́ nígbà tó bá ń fọwọ́ sí i. Nítorí náà, ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó yín. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra ilé láìjẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ìwé ni yóò tú àṣírí rẹ̀.

Ìmọ̀ràn tiwa ni pé bí ẹ bá jọ ń dá owó, kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà níbẹ̀. A ti rí obìnrin tó fi owó ọjà rẹ̀ san ìdajì owó ilé, tí kò sí ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé tó sọ pé ó san nǹkan kan.

Àjèjì ńkọ́? Òfin kò dí ẹni tí kì í ṣe ọmọ South Africa lọ́wọ́ láti ra ilé. Ṣùgbọ́n Immigration Act kò gbà kí wọ́n ta ilé tàbí kí wọ́n yá a fún ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú tó tọ́. Bí owó bá ti òkèèrè wá, ẹ tọ́jú ìwé báǹkì tó fi bẹ́ẹ̀ hàn, nítorí wọn yóò bèèrè rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ kó owó náà padà sílé lọ́jọ́ iwájú. Bí ẹni tí kò gbé South Africa bá sì ta ilé tó lé ní R2,000,000, ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ yọ ìdá 7.5 nínú 100 sílẹ̀ fún SARS.

Bí onílé bá kú

Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí bàbá bá kú tó fi ìyàwó púpọ̀ sílẹ̀, a lè pín ogún ní ìdí-igi, tàbí ní orí-ò-jorí. Ẹjọ́ Dawodu v Danmole lórí ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ Privy Council ní London, tó dá a ní ọdún 1962 pé ìdí-igi ni àṣà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ilé tó wà ní Johannesburg kò mọ ìdí-igi. Òfin ibi tí ilé wà ló ń darí rẹ̀. Bí olóògbé kò bá kọ ìwé ìhágún, Intestate Succession Act ti ọdún 1987 ni yóò pín in. Ọkọ tàbí aya tó kù yóò gba R250,000 tàbí iye tó bá ìpín ọmọ kan dọ́gba, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì, àwọn ọmọ yóò sì pín ìyókù. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìyá yín nílé rí nǹkan gbà, tàbí kí ilé náà jẹ́ ibùgbé fún gbogbo ọmọ, inú ìwé ìhágún ni ẹ ti lè sọ bẹ́ẹ̀. Kíkọ ìwé ìhágún kò pe ikú wá. Àìkọ ọ́ ló ń fi ìjà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa wá ńkọ́? Wọn kò lé wọn jáde, nítorí pé ní South Africa ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lé ènìyàn kúrò nínú ibùgbé rẹ̀ láìjẹ́ pé ilé ẹjọ́ pàṣẹ. Wọ́n wá lọ́yà. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò náà jókòó pọ̀, wọ́n lọ sí ọ́fíìsì Master, wọ́n sì yan obìnrin náà láti bójú tó ogún bàbá wọn. Ó gbà láti ta ilé fún wọn, ṣùgbọ́n ó ní wọn yóò san ìpín tòun, nítorí ẹ̀gbọ́n òun ti ná èyí tó gbà. Ìyàwó tún ti padà sí iṣẹ́ alẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìdirun. Ìwé náà kò tíì jáde títí di ìgbà tí a ń kọ èyí.

A bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ kí a sọ fún yín. Ọkọ dákẹ́. Ìyàwó ló dáhùn pé: "Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ wo orúkọ kọ́kọ́. Owó tí à bá fi wò ó kò tó owó ìrẹsì tí a sè lọ́jọ́ ìṣílé."